Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bi ará ìlú?

Nígbàkigbà tí àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ bá kéde pé òun fẹ́ gbọ́ tẹnu ará ìlú lórí owó ìpè, dátà tàbí síìmù, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń tẹ̀ lé e: "Ẹ má da ara yín láàmú, wọ́n ti parí ẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ojú ayé lásán ni wọ́n ń ṣe." Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà ni, kí ni ẹni tí kò mọ bí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń ṣiṣẹ́ fẹ́ wí níbẹ̀? Ìgbàgbọ́ yìí gbilẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà, kò sì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Ìjọba tó ti já ènìyàn kulẹ̀ léraléra, ta ni yóò sáré gbà á gbọ́? Síbẹ̀, tí a bá tú àwọn ìpinnu ńláńlá tó ti wáyé wò, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Íńdíà. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, TRAI, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbé ìwé kan síta láti fi fọ̀rọ̀ lọ ará ìlú. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí áàpù bíi WhatsApp àti Skype máa gba ìwé àṣẹ, àti bóyá ó tọ́ kí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa gba owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ohun tí oníbàárà ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ọ̀hún lé ní 100 ojú ewé, ìbéèrè 20 ló wà nínú rẹ̀, èdè rẹ̀ sì ni èdè àwọn agbẹjọ́rò àti ẹnjiníà. Àwọn kan tí kò sí ẹni tó rán wọn níṣẹ́ jókòó tì í. Wọ́n tú u sí èdè tó yé ènìyàn, wọ́n kọ ìdáhùn sí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e sórí ìkànnì kan kí ẹni tó bá wù lè tún un ṣe bó ṣe fẹ́, kó sì fi ránṣẹ́. Àwọn aláwàdà kan gbé fídíò jáde lórí ọ̀rọ̀ náà, iná bá ràn. Kí gbèdéke tó pé lóṣù kẹrin, ímeèlì tó dé ọ̀dọ̀ TRAI ti kọjá mílíọ̀nù kan. (Àjọ náà wá kó gbogbo ímeèlì ọ̀hún síta pẹ̀lú àdírẹ́sì àwọn tó kọ wọ́n. Ìwàkiwà gbáà ni, inú sì bí àwọn ènìyàn gan-an.)

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló yẹ kí ẹni tó ń sọ pé "ojú ayé ni" fara balẹ̀ gbọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, TRAI tún gbé ìwé mìíràn jáde, èyí tó kúrú: ìbéèrè mẹ́rin péré, lórí owó dátà tó yàtọ̀ síra. Facebook nígbà náà fẹ́ kí Free Basics, ètò tó ń jẹ́ kí ènìyàn wọ àwọn ìkànnì díẹ̀ kan lọ́fẹ̀ẹ́, fìdí múlẹ̀ ní Íńdíà. Ilé-iṣẹ́ náà gbé bọ́tìnì kan síwájú àwọn tó ń lò ó: tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ á lọ bá TRAI ní orúkọ rẹ. Lẹ́tà yìí rọ́ wọlé ní ọ̀pọ̀ yanturu. Ṣùgbọ́n nígbà tí àjọ náà yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju "mo fẹ́ràn Free Basics" lọ; kò dáhùn ìbéèrè kankan nínú mẹ́rin tí wọ́n bi. TRAI sọ ọ́ ní gbangba, ó sì ní kí Facebook padà lọ sọ fún àwọn tó fi ránṣẹ́ pé ìdáhùn sí ìbéèrè ni òun ń fẹ́. Lọ́jọ́ 8 oṣù kejì ọdún 2016, ìlànà jáde: ilé-iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ dá owó dátà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lé orí ohun tí oníbàárà ń wò, ìtanràn 50,000 rúpì lójúmọ́ sì ni fún ẹni tó bá ṣe é. Free Basics kógbá sílé ní Íńdíà.

Facebook kì í ṣe ẹni tí owó tàbí agbẹjọ́rò wọ́n. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ ni, ta ló tún yẹ kí wọ́n bá a parí? Tí a bá sì ní èrò tó pọ̀ jù ló borí, ìyẹn náà kò tọ̀nà, torí èrò kún ìhà méjèèjì. Ariwo kọ́ ni mùsíkì. Àwọn tó dáhùn ohun tí wọ́n bi wọ́n, tí wọ́n sì sọ ìdí, ni ọ̀rọ̀ wọn ṣeé fi kọ ìlànà.

Wàyí o, ẹjọ́ kan wà tó tún já ọ̀rọ̀ yìí sí gbangba jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ènìyàn kì í sì í sábà mẹ́nu bà á. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, TRAI kan náà ṣe ìlànà pé bí ìpè bá já láìròtẹ́lẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì san rúpì kan padà fún ẹni tó pè, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lóòjọ́. Ta ni kò ní fẹ́ irú ìlànà bẹ́ẹ̀? Àwọn ilé-iṣẹ́ gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ohun tí wọ́n wí ni pé ìlànà tó ti wà tẹ́lẹ̀ gbà pé ìpè ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lè já, àti pé ìwé tí àjọ náà fúnra rẹ̀ kọ gbà pé kì í ṣe ẹ̀bi ilé-iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Wọ́n ti sọ gbogbo èyí nígbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n. TRAI kò sọ ìdí tí òun kò fi gbà á. Lọ́jọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 2016, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà fagi lé ìlànà náà. Òfin tó dá àjọ ọ̀hún sílẹ̀ lọ́dún 1997 ní kó máa ṣiṣẹ́ ní ìmọ́lẹ̀, ẹni tó bá sì gba èsì lọ́wọ́ ènìyàn tó wá jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìsọ ìdí, kò ṣe é ní ìmọ́lẹ̀. Ilé ẹjọ́ tilẹ̀ gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe òfin tó máa mú un ní dandan fún irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ láti máa fọ̀rọ̀ lọ ará ìlú, kí wọ́n sì máa fèsì.

Èyí dun àwọn oníbàárà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fi hàn: àkọsílẹ̀ èsì ará ìlú ni ìlànà fi ń dúró níwájú adájọ́. Àgbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òfin náà sì gbà bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ oníbàárà ni ìlànà ọ̀hún ṣojú rere sí.

Ìdí tí ètò náà fi wà gan-an kò ṣòro láti rí. Láyé àtijọ́, iléeṣẹ́ ìjọba kan náà ló ń ta iṣẹ́ tẹlifóònù, òun náà ló ń ṣòfin rẹ̀. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣàdéhùn lórí ìbánisọ̀rọ̀ ní àjọ ìṣòwò àgbáyé WTO lọ́dún 1997, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé alákòóso kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ẹni tó ń tajà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò dìbò yan àwọn alákòóso yìí, ibo ni wọ́n ti máa rí ẹ̀tọ́ láti de gbogbo ìlú ní ìlànà? Ìfọ̀rọ̀lọni ni ìdáhùn. Òfin kan tí Gúúsù Áfíríkà ṣe lọ́dún 2000 sọ ọ́ di dandan fún àwọn iléeṣẹ́ ìjọba. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2003 náà ní kí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣe ìwádìí ìta gbangba kó tó ṣe ìlànà.

N kò sọ pé ariwo kò wúlò o. Ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, àwọn oníbàárà pa fóònù wọn láti fi ẹ̀hónú hàn lórí owó ìpè tó wọ́n. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2016, nígbà tí NCC fẹ́ kí iye tó kéré jù tí wọ́n lè ta dátà gòkè, ìlú dìde, àjọ náà sì so ó rọ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú kó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ariwo dá dúró, kò parí. Oṣù kìíní ọdún 2025 ni àjọ kan náà fọwọ́ sí i pé kí owó ìpè àti dátà lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i.

Gúúsù Áfíríkà fi bí ariwo àti ìfọ̀rọ̀lọni ṣe lè so pọ̀ hàn. Lọ́dún 2016, #DataMustFall, ìpolongo pé kí owó dátà wálẹ̀, gba ìgboro orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Ìbínú náà dé inú ìlànà: èyí tí ICASA, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, tún ṣe lọ́dún 2018, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2019, ní kí ilé-iṣẹ́ jẹ́ kí oníbàárà gbé dátà tó ṣẹ́ kù síwájú, kó lè fún ẹlòmíràn, kí wọ́n má sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí dátà bá tán àfi tó bá fọwọ́ sí i.

Ibo wá ni òótọ́ wà nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń wí? Ó wà nínú àsìkò. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ìlànà ti di ìwé tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀pọ̀ nǹkan ti kọjá lọ. Ìwé àkọ́kọ́, èyí tó kún fún ìbéèrè, ni ẹnu ti lè wọ̀ jù. Òótọ́ tún ni pé èdè òyìnbó ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń jẹ́, olú-ìlú ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ní ènìyàn tó ń gba owó oṣù láti ka ìwé bẹ́ẹ̀. Èyí burú, ó sì yẹ kí á bá àwọn àjọ wí lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èsì tó dára kò gba ìmọ̀ ẹ̀rọ. "Olè ni gbogbo yín" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. "Lórí ìbéèrè kẹta: mo ra dátà oṣù kan, ó tán lọ́jọ́ kẹfà, ìwọ̀nyí ni àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo gbà, mo pè wọ́n, èyí ni ohun tí wọ́n sọ" jẹ́ ẹ̀rí tí kò sí nínú ìwé agbẹjọ́rò kankan.

Apá kan sì wà tí àwọn oníbàárà kì í sábà dé. Lẹ́yìn tí èsì àkọ́kọ́ bá ti wọlé, TRAI máa ń gbé èsì àwọn ilé-iṣẹ́ síta, á sì fún gbogbo ènìyàn láyè láti ta kò ó. Fún ìwé oṣù kẹta ọdún 2015, ọ̀sẹ̀ méjì ni àyè náà. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ti ń sọ pé òun ń pàdánù, pé iye tí òun ń ná lórí òpó kan ti gòkè. Bí kò bá sí ẹni tó bi í pé "ẹ̀rí dà?", bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà nínú àkọsílẹ̀.