Orí Ilẹ̀ Ni Ìjà Inú Bàálù Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Wákàtí 3 ò tó mọ́, àwọn mínísítà ètò ìrìnnà ilẹ̀ Yúróòpù ló wí bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni wọ́n fẹnu kò pé tí bàálù bá pẹ́, kí èrò lọ máa fara dà á di wákàtí 4 kó tó lè béèrè owó gbà-má-bínú, tí ìrìnàjò náà bá sì ju 3,500 kìlómítà lọ, kó di wákàtí 6. Wákàtí 3 tí kóòtù wọn fúnra wọn ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ láti 2009, wọ́n ní ó ti kéré jù. Àlàyé tí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ṣe fún wọn ni pé táwọn bá ráyè díẹ̀ sí i, àwọn á rí bàálù míì wá dípò, àwọn ò ní máa wọ́gi lé ìrìnàjò. Àwọn mínísítà sì gbà wọ́n gbọ́. Ó lè jẹ́ pé mínísítà kì í pẹ́ ní géètì ni, yàrá àwọn èèyàn pàtàkì ni wọ́n máa ń gbà kọjá. A dúpẹ́ pé ilé aṣòfin wọn ò dákẹ́ lórí ẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ló wá kan òṣìṣẹ́ inú bàálù nínú ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú. Òun gan-an ló kàn jù. Mínísítà ò sí níbẹ̀, ọ̀gá iléeṣẹ́ ò sí níbẹ̀, ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ju iye àga lọ ò sí níbẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń kí èèyàn káàbọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, òun làwọn èèyàn á sì da gbogbo ẹ̀ lé lórí. Láti ìgbà tí fídíò ìjà inú bàálù ti di nǹkan tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síni láàárọ̀ láàárọ̀ nìwé ìròyìn yìí ti ń wí i, orí ilẹ̀ ni ìjà yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀, òkè ló kàn ti ń bú gbàù. Àwọn aláṣẹ ò tíì gbọ́. Tàbí wọ́n gbọ́ o, wọ́n kàn diti ni.

Ẹ wo ìyá kan tó ti wà lórí àga irin látàárọ̀, ọmọ sùn sí i lẹ́sẹ̀, bátìrì fóònù ẹ̀ ti pọ́n, bọ́ọ̀dù tó wà lókè orí ẹ̀ ṣì ń wí pé aago méjì ni bàálù máa gbéra, aago mẹ́ta àbọ̀ sì ti lù. Ó lọ bi ẹni tó wà ní géètì, onítọ̀hún ò gbójú sókè, ó ní "ẹ ní sùúrù mà, àwọn ọ̀gá ò tíì sọ nǹkan kan fún wa." Ó padà dé ìdí àga, ẹlòmíì ti jókòó síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ní kí wọ́n máa wọlé, báàgì tí wọ́n ní kò sí wàhálà lọ́jọ́ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tún ní ó tóbi jù, kó sanwó. Ó sanwó. Ó wá dé ẹnu ilẹ̀kùn bàálù, ọ̀dọ́mọbìnrin kan rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó ní "ẹ káàbọ̀ mà."

"Ẹ káàbọ̀ síbo?"

Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ya fídíò láti ibẹ̀ lọ, ìyá tó ń pariwo ló máa rí, àti òṣìṣẹ́ tó fajú ro, gbogbo ayé á sì pín sí méjì, àwọn kan á ní ìyá náà ò ní ẹ̀kọ́ ilé, àwọn kan á ní òṣìṣẹ́ yẹn ń gbéra ga, wọ́n á fi ọjọ́ mẹ́ta bú ara wọn. Kò sẹ́ni tó ya fídíò bọ́ọ̀dù.

Ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn ńkọ́? Òun náà ti wà níbẹ̀ látàárọ̀, ohun tó mọ̀ nípa bàálù tó pẹ́ yẹn ò ju ohun tí ìyá yẹn mọ̀ lọ, bóyá orí àpù kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń wo aago. Àti pé, èyí la ti ń pariwo tí ọ̀fun wa fẹ́ẹ̀ gbẹ, aago owó ẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú l'Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìgbà tí wọ́n bá tilẹ̀kùn tí bàálù ń kúrò nídìí géètì lowó wákàtí wọn tó máa ń kà. Gbogbo báàgì tó bá èèyàn gbé sókè, gbogbo ìjà "àga mi ni, àga mi ni" tó là, arúgbó tó fà lọ́wọ́ dé ìdí ìjókòó, ọmọ tó ń sunkún tó rẹ̀ lẹ́kún, ọ̀fẹ́ ni o jàre. Àsìkò tí inú èrò ń ru jù gan-an ni wọn ò sanwó fún un pé kó fara dà á. Ta ló jókòó ro irú nǹkan báyìí?

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù Air Canada tí wọ́n lé ní 10,000 ní ó tó gẹ́ẹ́, tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ẹ rántí ohun tí mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ ṣe. Ilẹ̀ ọjọ́ yẹn ò tíì ṣú tó ti fa òfin yọ, abala 107 nínú òfin iṣẹ́ Kánádà, pé kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹni pé àwọn ló dáràn! Àwọn òṣìṣẹ́ náà ò mira, nígbà tó sì di ọjọ́ 19 wọ́n ti fẹnu kò, ìyẹn ni pé nǹkan tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe, ọjọ́ mẹ́ta ló gbà. Ìjọba yìí kan náà ló tún wá ní àwọn máa ṣèwádìí bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ìwádìí wo? Ẹ pe ẹyọ òṣìṣẹ́ kan, ẹ ní kó mú ìwé owó oṣù ẹ̀ wá, ẹ ti ṣèwádìí tán. Delta, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan l'Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àsìkò tí èrò ń wọlé láti 2022, ìdajì owó wákàtí ni o, a ò ní pàtẹ́wọ́ fún ìdajì, àmọ́ iléeṣẹ́ wọn ò wó torí ẹ̀.

A ò ní torí ìyẹn ní kí èrò máa ṣe bó ṣe wù ú. FAA, àjọ tó ń rí sí ìrìnnà òfurufú l'Amẹ́ríkà, gba ẹ̀sùn 5,973 lọ́dún 2021 nìkan lórí èrò tó ń ṣe jàgídíjàgan, ọ̀rọ̀ ìbòmú ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Oṣù Karùn-ún ọdún yẹn lèrò kan fún òṣìṣẹ́ inú bàálù Southwest lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú torí pé onítọ̀hún rán an létí bẹ́líìtì àti ìbòmú. Eyín òṣìṣẹ́ náà kán. Ẹ̀wọ̀n oṣù 15 ni adájọ́ fún èrò yẹn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀ lójú wa, kò sí bí bọ́ọ̀dù ṣe purọ́ tó tó máa sọ ẹnu ọmọ ọlọ́mọ di ohun tí wọ́n ń lù. Láti January 2020 ni Àdéhùn Montreal tí wọ́n kọ lọ́dún 2014 sì ti ń ṣiṣẹ́, Nàìjíríà ló buwọ́ lù ú ṣìkejìlélógún tí iye orílẹ̀-èdè fi pé, kí ìjọba ibi tí bàálù bá balẹ̀ sí lè mú oníjàgídíjàgan, kó má baà rìn lọ fàlàlà torí pé ibòmíì ni wọ́n ti forúkọ bàálù sílẹ̀. Kí gbogbo orílẹ̀-èdè tí ò tíì wọ̀ ọ́ wọ̀ ọ́. Ó tán.

Àwọn tó ní Kòrónà ló fa gbogbo ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ló fa ti ọdún 2022 nígbà tí wọ́n ti ń ká ìbòmú nílẹ̀? IATA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fúnra wọn, ló sọ ọ́ pé nínú ìrìnàjò 568 lọ́dún yẹn, wàhálà èrò á wà nínú ẹyọ kan, lọ́dún tó ṣáájú, nínú 835 ni. Ìbòmú ń lọ, ìjà ń pọ̀.

Ẹ wá wo bó ṣe rí tó bá jẹ́ pé iléeṣẹ́ ló ṣẹ̀. Chicago, oṣù Kẹrin ọdún 2017, èrò ti jókòó sínú bàálù United, wọ́n ti de bẹ́líìtì, ni wọ́n bá ní èèyàn 4 gbọ́dọ̀ bọ́ọ́lẹ̀ torí pé òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà 4 gbọ́dọ̀ dé Louisville. Ẹni tó ṣètò iṣẹ́ ò ṣètò ẹ̀ lásìkò, orí èrò ló fẹ́ fi tún un ṣe. Dókítà àgbàlagbà kan ní òun ò lọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ́ ọ nílẹ̀ láàárín àga bí àpò. Imú ẹ̀ ṣẹ́, eyín ẹ̀ méjì lọ. Ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, Oscar Munoz, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé òun tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn èrò tí àwọn ní láti wá àyè míì fún. Wá àyè míì fún! Wọ́n lé ẹ̀ṣọ́ méjì níṣẹ́, wọ́n bá dókítà náà yanjú ẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ó parí. Eyín nìyí eyín nìyẹn o, ọ̀kan di ẹ̀wọ̀n, èkejì di àdéhùn ìdákọ́ńkọ́.

(Ká má tiẹ̀ dé ti Korean Air, níbi tí ọmọ ẹni tó ni iléeṣẹ́ ti dá bàálù padà sí géètì ní New York lóṣù Kejìlá ọdún 2014 torí pé inú ọ̀rá ni wọ́n ti gbé èso macadamia tó jọ ẹ̀pà fún un, kì í ṣe nínú abọ́. Tí èrò lásán bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ mọ orúkọ tí wọ́n máa sọ ọ́.)

Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, ohun tí à ń wí látọjọ́ yìí nìyẹn. Ó sì ṣeé ṣe, àwọn aláṣẹ ò lè ní àwọn ò mọ ọ̀nà. Ọdún 2010 l'Amẹ́ríkà ní tí iléeṣẹ́ kan bá kó èrò pa mọ́ sínú bàálù lórí ilẹ̀ ju wákàtí 3 lọ nínú ìrìnàjò abẹ́lé, owó ìtanràn lórí èrò kọ̀ọ̀kan lè tó 27,500 dọ́là. Àwọn iléeṣẹ́ pariwo pé ayé fẹ́ bà jẹ́. Ayé ò bà jẹ́, ìdúró wákàtí gígùn yẹn ló ṣàdédé dín kù wàràwàrà, bàálù tí wọ́n ní kò ṣeé dá padà sí géètì wá ṣeé dá padà. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ẹ̀kọ́ ẹ̀rín músẹ́ ló tún un ṣe? Kí wọ́n fi irú owó ìtanràn yẹn lé irọ́ orí bọ́ọ̀dù náà, kí aago owó òṣìṣẹ́ sì máa kà láti ìgbà tí èrò àkọ́kọ́ bá ti gbé ẹsẹ̀ wọlé, a ó wá mọ iye ìjà tó máa ṣẹ́kù.

Torí iṣẹ́ tí ọ̀dọ́mọbìnrin ẹnu ilẹ̀kùn yẹn wá ṣe gan-an kì í ṣe omi pípín. Ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 2024, bàálù Japan Airlines kan tó ń balẹ̀ ní Haneda nílùú Tokyo kọ lu bàálù àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun lójú ọ̀nà, èèyàn 5 ló kú nínú bàálù kékeré yẹn. Nínú bàálù ńlá, èèyàn 379, èéfín ti gba inú, iná ń jó létí fèrèsé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kéde ti kú, ẹnu ọ̀nà 8 ló wà, 3 nìkan ló ṣeé lò. Ohùn ẹnu àti gbohùngbohùn ọwọ́ làwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù fi ń pariwo pé kí oníkálukú fi báàgì ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n sì fi sílẹ̀! Báàgì tí èèyàn sanwó lé lórí, tó ní kọ̀ǹpútà nínú, tó ní ìwé ìrìnnà nínú, wọ́n fi sílẹ̀ torí pé ẹni tí wọ́n gbà gbọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn 379 jáde láàyè pátápátá, bàálù náà jó kanlẹ̀. Ìgbàgbọ́ yẹn ni gbogbo wákàtí irọ́ ní géètì ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá kàn, tí òṣìṣẹ́ bá ní "ẹ fi báàgì sílẹ̀," kí ìyá tó ti gbọ́ irọ́ márùn-ún láàárọ̀ má lọ rò pé ìkẹfà nìyẹn.

Òfin ní bàálù ò gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ àfi tí gbogbo èèyàn inú ẹ̀ bá lè jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90, pẹ̀lú ìdajì ẹnu ọ̀nà. Nínú àyè wo, ẹ jọ̀ọ́? Àwọn iléeṣẹ́ kan ti fún àlàfo àga mọ́ra di ínṣì 28, orúnkún ẹni tó ga díẹ̀ ti wọ ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú ẹ̀, ìjà tí à ń sọ yìí náà sì tún wà níbẹ̀. Ọdún 2018 làwọn aṣòfin Amẹ́ríkà pàṣẹ fún FAA pé kí wọ́n sọ iye tí àlàfo àga ò gbọ́dọ̀ dín sí, wọ́n fún wọn lọ́dún kan. Ọdún 2022 ni FAA tó wá bi ará ìlú léèrè, èèyàn tó lé ní 26,000 kọ̀wé sí wọn. Wọn ò tíì sọ iye kankan. Tẹ́ ẹ bá sì bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn ti dán an wò, pé àwọn kó èèyàn 720 sínú àga tó fún pọ̀ ní Oklahoma láàárín 2019 sí 2020 láti wò ó bí wọ́n ṣe máa tètè jáde. Ẹni ọdún 18 sí 60 ni gbogbo wọn, ara wọn dá ṣáká. Ìyá tó wà ní géètì pẹ̀lú ọmọ tó sùn sí i lẹ́sẹ̀, wọn ò pe ìyẹn.