Ṣáàtì ni àbí ìròyìn?

Fẹ́mi Ìkòròdú: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú ilé o. Aláùsá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, alẹ́ nìkan ni àyè máa ń yọ. Mo fẹ́ wọ forex, òwò ríra àti títa owó ilẹ̀ òkèèrè. Èwo ni kí n kọ́kọ́ kọ́: technical, kí n máa wo ṣáàtì, àwòrán bí iye owó ṣe ń lọ sókè sódò, àbí fundamental, kí n máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ èlé owó àti ọ̀wọ́ngógó ọjà?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: Ìkòròdú sí Aláùsá lójoojúmọ́? Mile 12 ò tíì pa ẹ́, o tún ń wá forex 😂

Bọ̀dé Pips: Technical! Gbogbo ìròyìn ti wà lára iye owó kí wọ́n tó lanu. Ṣáàtì kì í parọ́.

Ìyá Ìbejì Balógun: Kì í parọ́ kẹ̀? Oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n tú náírà sílẹ̀, tí dọ́là fò láti bíi 470 kọjá 600 lọ́jọ́ kan, candlestick wo, àwọn ọ̀pá orí ṣáàtì yín yẹn, ló sọ fún ẹ? Tinubu ti sọ ọ́ lọ́jọ́ ìbúra pé iye dọ́là máa di ọ̀kan ṣoṣo. Èmi tí mò ń ta léèsì gbọ́, mo tètè kó ọjà.

Bọ̀dé Pips: Ìwọ oníléèsì lo fẹ́ kọ́ wa ní forex? EUR/USD, euro sí dọ́là, là ń sọ.

Bàbá Sùúrùlérè: Bọ̀dé! "Ìwọ" ta ni? Ìyá ẹ nìyẹn.

Bọ̀dé Pips: Ta ló mọ ọjọ́ orí èèyàn lórí fóònù?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: "Ìyá Ìbejì" wà lórí rẹ̀ gàdàgbà. Ó lè ka candlestick, kò lè ka orúkọ 😂😂😂

Ṣadé Yábàá: Ẹ dá Fẹ́mi lóhùn jàre. Fundamental máa sọ owó tó yẹ kó o rà, technical máa sọ ìgbà tó o máa wọlé. Alẹ́ lo ráyè, wo ṣáàtì daily, èyí tí ọ̀pá kan dúró fún ọjọ́ kan. Yẹra fún Jímọ̀ tí Amẹ́ríkà bá gbé NFP, ìròyìn iye iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ wọn, jáde: ọ̀sán ni, ìwọ wà níbi iṣẹ́.

Bọ̀dé Pips: TECHNICAL NI! Ẹni tó bá ti fi stop loss sí i, àṣẹ tó ń ti òwò pa kí àdánù má bàa pọ̀ jù, ìròyìn ò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Bàbá Sùúrùlérè: 15 January 2015 ńkọ́, tí báǹkì àpapọ̀ Switzerland ṣàdédé jáwọ́ nínú 1.20 tí wọ́n fi de Swiss franc mọ́ euro? Owó fò kọjá stop loss, àkáǹtì ẹlòmíì wọ gbèsè.

Bọ̀dé Pips: 2008 tí ọjà ṣíà wó ńkọ́, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìwé ìṣirò báǹkì kí ẹ tó ra ṣíà wọn ní Marina? Ṣé kò jó yín?

Bàbá Sùúrùlérè: Ọmọ yìí, ta ló tọ́ ẹ?

Àǹtí Rónkẹ́: Mo rí Swiss níbẹ̀ yẹn. Ìyá Ìbejì, èló lẹ̀ ń ta Swiss léèsì báyìí mà? Aṣọ ẹbí ni, èèyàn ogójì.

Ìyá Ìbejì Balógun: Wá sí ínbọ́ọ̀sì, ọmọ mi.