Ẹlẹ́nu Mẹ́rin, Méjì Yadi

Aago márùn-ún ìdájí kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọkọ̀ Mustang ilé kejì jí lónìí. Àwa náà jí. Ó kọ́kọ́ hukọ́, ó hó, ó wá yìnbọn méjì, "gbàù! gbàù!", bí ọdẹ tó rí ẹtu. Àláàmù ọkọ̀ mẹ́ta gbà á lẹ́nu rẹ̀, ajá ń gbó, ọmọ tuntun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì figbe bọnu.

Mo ní, ẹ ò rí i bí ayé ṣe dùn! A ò ní iná láti ọjọ́ Ẹtì, omi ò yọ, ṣùgbọ́n a ní Mustang. Kí lèèyàn tún ń wá?

Mo wọ ṣòkòtò péńpé, mo ki pákò bọ ẹnu, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ẹwà. Ọmọkùnrin tó ni ọkọ̀ náà ti padà wọlé lọ sùn, ó ní kí ẹ́ńjìnì máa móoru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yìn ín. Ẹnu páìpù èéfín mẹ́rin ló fi sí ìdí ọkọ̀ yẹn. Mẹ́rin! Méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó agolo mílíìkì ńlá, wọ́n ń dán bí eyín wúrà Alhájà. Èèyàn tí Ọlọ́run dá, ẹnu kan ló fún un, ó sì ti tó o láti fi kó bá ara rẹ̀.

Mo lóṣòó. Mo nawọ́ sí ẹnu kìn-ín-ní, èéfín gbígbóná lù mí, mo yára fà á sẹ́yìn. Ẹnu kejì, tútù ni, bí òkúta inú odò. Mo ti pákò bọ̀ ọ́, kò lọ ju ìlàjì ìka lọ tó fi kan irin. Dídí ni! Bọ́ọ̀tì méjì ni wọ́n fi dè é mọ́ bọ́ńpà, kò bá páìpù kankan tan. Ẹnu kẹta, gbígbóná. Ẹnu kẹrin, mo tẹjú mọ́ ọn: aláǹtakùn ló wà níbẹ̀, tòun ti aṣọ tó hun.

Ẹ jẹ́ ká dúró ti aláǹtakùn yìí díẹ̀. Ní Ṣúrùlérè tiwa níbí, ẹni bá fẹ́ gba yàrá kan á san owó ilé ọdún méjì, á san àgírímẹ́ǹtì, á san kọmíṣọ́ọ̀nù, á tún san owó tí wọ́n máa fi tún ohun tí kò tíì bà jẹ́ ṣe. Aláǹtakùn ò san kọ́bọ̀. Ilé onírin dídán ló ń gbé, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni wọ́n fi ń nu ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Bó bá di alẹ́ Ẹtì, á gun afárá Third Mainland lọ sí Lẹ́kkí, á padà ní ìdájí. Èmi tí mo ń san owó orí, ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo dé Lẹ́kkí kẹ́yìn. Èyí tó dùn mí jù ni pé ó ń rí oorun sùn. Nínú gbogbo òpópónà wa, ẹnu kẹrin Mustang yẹn nìkan ni ibi tó dákẹ́. Ká ní mo kéré tó, ǹ bá bẹ̀ ẹ́ kó sún díẹ̀ fún mi.

Ẹlẹ́nu mẹ́rin, méjì ń pariwo, méjì yadi. Ẹlẹ́nu mẹ́rin tí kì í jẹun, epo ló ń jẹ. Ọkọ jẹnẹrétọ̀, àbúrò àrá!

Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Sílíńdà mẹ́rin. Èyí tí Ford gbé jáde ní 2015 ni, onílítà 2.3, tó ní tọ́bò, agbára ẹṣin 310. Ọkọ̀ gidi ni, n ò sọ pé kì í ṣe ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gbọ́n onísílíńdà mẹ́jọ, agbára ẹṣin 435, ohùn ẹ̀gbọ́n yìí sì ni ọmọ wa ń wá. Tọ́bò a máa dá èéfín dúró lọ́nà, á fi yí fáànù rẹ̀, ariwo á ti rọ̀ kó tó dé ìdí ọkọ̀. Ló bá gbéra, ó di ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀, ó ní kí wọ́n gé sàlẹ́ńsà tó ń pa ariwo sọnù, kí wọ́n gé kátálísì tó ń fọ èéfín mọ́ ọn, kí wọ́n fi páìpù gbọọrọ rọ́pò gbogbo rẹ̀. Inú sàlẹ́ńsà yẹn, yàrá-yàrá ni, pẹ̀lú páìpù oníhò wẹ́wẹ́. Ariwo á wọlé, á kọlu ògiri, á padà pàdé èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn, wọn á sì pa ara wọn síbẹ̀. Àwọn kan jókòó, wọ́n ro èyí jinlẹ̀. Ayùn irin gé e ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohùn tó wá jáde, kì í ṣe ti sílíńdà mẹ́jọ o. Ohùn ẹni tó jẹ ẹ̀wà àná sùn ni.

Wọ́n ní gígé yẹn ń fi ẹṣin díẹ̀ kún agbára ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbà pé mẹ́wàá ni. 320 ẹṣin, gbogbo wọn tò kalẹ̀ sí Ojúẹlẹ́gba, ẹsẹ̀ wọn ò kúrò lójú kan, ẹni tó ń ta gálà ti rìn kọjá wọn lẹ́ẹ̀mejì. BMW náà ṣe irú ẹ̀tàn yìí rí: ọkọ̀ wọn, M5, tí wọ́n gbé jáde ní 2011, sípíkà inú ọkọ̀ ló ń bá wọn gbé ohùn ẹ́ńjìnì sétí awakọ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn ń dá jẹ ẹ̀tàn rẹ̀, kò bù fún ará ilé kejì.

Peugeot 504 ni bàbá mi ní, àwọn tí wọ́n ń tò ní Kàdúná. Lọ́jọ́ tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ bẹ́ lọ́nà Ìfẹ̀, bàbá mi dé orígun àdúgbò wa, ó pa ẹ́ńjìnì. Ó ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀. Èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti ìyá mi, tòun ti gèlè lórí, la ti mọ́tò yẹn wọ inú ọgbà, kí àwọn aládùúgbò má baà gbọ́ pé ọkọ̀ tíṣà ń dún. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ajórin kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìtìjú ni nígbà yẹn! Ohun tí ìṣẹ́ fún bàbá mi lọ́fẹ̀ẹ́ ni ọmọ yìí ń fi owó gidi rà.

Ti kátálísì ló tiẹ̀ ń bí mi nínú jù. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo gbé Corolla mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan nítorí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Nígbà tí mo gbà á padà, iná ẹ́ńjìnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, èéfín ń ta mí lójú. Ẹlòmíì ló bá mi wo abẹ́ rẹ̀: wọ́n ti yọ kátálísì lọ, wọ́n fi páìpù lásán síbẹ̀. Amọ̀ bí afárá oyin ló wà nínú nǹkan yẹn, wọ́n fi platinum, palladium àti rhodium pa á lára, òun ló ń sọ èéfín tó lè pa èèyàn di èyí tó rọjú díẹ̀. Àwọn tó ń rà á mọ iye tó jẹ́. Èmi tí mo ni ín ni n ò mọ̀. N ò sì tíì rówó rọ́pò rẹ̀. Ṣé ẹ wá rí i? Èmi, wọ́n jà mí lólè. Ọmọ yìí ní tiẹ̀ sanwó iṣẹ́ fún ẹni tó ja òun lólè, ó tún fún un ní owó ọtí.

Ìwọ ọmọ yìí, gbọ́. Táyà ẹ̀yìn rẹ ti pá bí orí mi. Iná bíréèkì apá òsì ò tàn láti ìgbà Iléyá. O fi ètè sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá! Ní California gan-an, ilẹ̀ àwọn tó fẹ́ràn irú ọkọ̀ rẹ, òfin ò gba kí páìpù èéfín dún ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 95, ìwọ̀n ariwo, lọ. Ìyàwó òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ò tíì pé ogójì ọjọ́ tó bímọ. Ta lò ń pè ní aago márùn-ún? Ta ló dá ọ lóhùn rí?

Gbogbo èyí ni mo tò sẹ́nu dè é. Aago méje, mo wọ Corolla, mo ṣíná sí i, mo ní bó bá yọjú báyìí, á gbọ́ ọ. Ó yọjú lóòótọ́, kò wẹ̀wù, búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ dé ìlàjì. "Ẹ káàárọ̀, sà." Ó wá dúró, ó dẹ etí sílẹ̀ sí ìdí ọkọ̀ mi, ó yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ta ló bá yín ṣe tiyín? Ó mà tún ki ju tèmi lọ!"