Owó Tí Wọ́n Ń Fi Pamọ́ Sẹ́yìn Ẹ̀rọ Amómigbóná

Inú ń bí mi, n kò sì ní fi bò. Iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ amómigbóná tó ń lo iná mànàmáná kì í ṣe iye tí ẹni tó rà á yóò san kí omi gbígbóná tó yọ nínú ilé rẹ̀. Olùtajà mọ̀ bẹ́ẹ̀, oníṣẹ́ tí yóò wá gbé e kọ́ ara ògiri náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí owó yóò jáde lápò rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀. N kò bínú pé iṣẹ́ náà lówó lórí, nítorí iṣẹ́ tó bá dára yẹ kí ó ní owó tirẹ̀. Ìbínú mi ni pé wọn kì í dárúkọ ìyókù owó náà títí wọn yóò fi gbẹ́ ògiri, tí wọn yóò ti gé páìpù, tí wọn yóò sì ti ti omi gbogbo ilé pa, nígbà tí onílé kò tún ní ẹnu tí yóò fi sọ pé òun kò ṣe mọ́.

Wáyà ni n ó kọ́kọ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń dà nù jù lọ. Oríṣi ẹ̀rọ méjì ló wọ́pọ̀: èyí tó ní táǹkì tí omi ń gbé inú rẹ̀, àti èyí tí kò ní táǹkì, tó ń mú omi gbóná lójú ẹsẹ̀ bí omi ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. Táǹkì tó ń lo kìlówáàtì 3 lórí iná fóólítì 230 yóò fa nǹkan bí ámpíà 13 (ámpíà ni wọ́n fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn nínú wáyà ṣe pọ̀ tó). Èyí tí kò ní táǹkì lè tó kìlówáàtì 9, ìyẹn sì ń fa nǹkan bí ámpíà 39. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀, nítorí wọ́n tẹ iye kìlówáàtì sára ẹ̀rọ gan-an, ìṣirò tó kù kò sì ju kí a sọ ọ́ di wáàtì, kí a fi fóólítì pín in lọ. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tí kò ní táǹkì yìí ni wọ́n máa ń fi fa ojú ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ mọ́ra, nítorí pé ó kéré, ó fúyẹ́, kò gba àyè, iye tí wọ́n sì ń tà á sábà máa ń kéré sí ti táǹkì.

Kò sẹ́ni tó ń sọ fún onítọ̀hún pé wáyà 2.5 mm² (bí ojú bàbà inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó), irú èyí tí wọ́n máa ń fà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò lè gbé ámpíà 39 láìgbóná kọjá ààlà. Pé wáyà 6 tàbí 10 ni yóò nílò, èyí tí wọn yóò fà tààrà láti ojú bọ́ọ̀dù iná láìsí ohun èlò mìíràn tó ń jẹ lára rẹ̀. Pé bírékà tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dá dúró. Àti pé kò ṣeé ṣe kí a yẹ ohun èlò tó ń já iná sílẹ̀ nígbà tí iná bá ń jò sára omi tàbí sára ènìyàn, èyí tó ń ṣiṣẹ́ kí iná tó ń jò náà tó kọjá mìlíámpíà 30. Bí wáyà bá ṣe nípọn tó ni bàbà inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, bí balùwẹ̀ bá sì ṣe jìnnà sí bọ́ọ̀dù tó ni owó náà ṣe ń gun òkè. Ẹ̀rọ tí ènìyàn rà nítorí pé ó rọjú wá di èyí tí owó wáyà rẹ̀ sún mọ́ owó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, tàbí kó tilẹ̀ jù ú lọ. Bí iná tó ń wọ ilé láti ìta kò bá sì lágbára tó, bọ́ọ̀dù tuntun àti wáyà tuntun láti ìdí mítà ni ọ̀rọ̀ yóò kàn. Ṣé olùtajà kò lè bi ènìyàn léèrè irú iná tó wà nílé rẹ̀ kó tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Ìbéèrè kan péré ni, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ní ti táǹkì, ọ̀rọ̀ fáàfù ni ó máa ń mú ara mi gbóná jù. Omi máa ń fẹ̀ bí ó bá ń gbóná. Bí a bá mú omi lítà 100 láti ìwọ̀n 20 °C dé 60 °C, yóò fẹ̀ sí i tó lítà kan àti ààbọ̀, inú táǹkì tí wọ́n sì dé pa kò ní àyè tí ìyẹn yóò gbà. Ìdí nìyẹn tí fáàfù tó ń tú agbára omi sílẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wà, pẹ̀lú páìpù tí yóò gbé ohun tó bá tú jáde lọ síbi tí kò ti ní jó ẹnikẹ́ni, àti ní ilé mìíràn, àgbá kékeré tí omi tó fẹ̀ yóò máa sá sí. Bí thermostat, ìyẹn ohun tó ń já iná nígbà tí omi bá ti gbóná tó, bá bàjẹ́, tí irin inú táǹkì náà kò dẹ́kun gbígbóná, tí fáàfù kò sì sí, táǹkì náà lè bú gbàmù, kí ó sì wó ògiri lulẹ̀. Ohun tó ń gba ẹ̀mí là ni, ṣùgbọ́n nínú ìwé owó, "àfikún" ni wọ́n máa ń pè é. Àfikún sí kí ni? Ẹ̀rọ tí kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí ohun kan, ara ẹ̀rọ náà ni ohun yẹn jẹ́, iye tí wọ́n sì fi polówó rẹ̀ láìka ohun yẹn mọ́ ọn, iye irọ́ ni.

Oníṣẹ́ tó wá sí ilé mi kọ́kọ́ wá wo ibẹ̀ kó tó gba iṣẹ́. Ó wo bọ́ọ̀dù, ó wo balùwẹ̀, ó wo ibi tí omi ti ń wọlé, ó sì fi ẹnu lásán dárúkọ iye kan. Nígbà tí iṣẹ́ dé agbede méjì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan sílẹ̀: wáyà kò tó, bírékà kò sí àyè fún un, omi ń tẹ jù, ó sì nílò ohun tí yóò dín agbára rẹ̀ kù. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ èyí lọ́jọ́ tó wá wò ó. Ó ní àwọn kì í mọ̀ títí àwọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. N kò gbà, n kò sì ní gbà láé. Ọ̀nà tó wà láàárín bọ́ọ̀dù àti balùwẹ̀ kò gùn sí i láti ọjọ́ tó wá wò ó. Àyè bírékà tó ṣófo ń bẹ lójú bọ́ọ̀dù fún ẹni tó bá la ojú. Agbára omi ní ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ó sì wà nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀, ó dákẹ́, ó sì dúró de ìgbà tí n kò ní lè lé e jáde mọ́.

Owó tí ènìyàn yóò máa san lẹ́yìn náà kò tún sí lẹ́nu wọn. Kí lítà 100 omi tó kúrò ní 20 °C dé 60 °C, yóò jẹ iná tó nǹkan bí kìlówáàtì-wákàtí 4.7, kí a tó ka èyí tó ń sá lọ láti ara táǹkì tọ̀sán-tòru nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ṣí omi. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ dín ooru táǹkì kù kí owó iná lè rọjú yóò kó sínú ewu mìíràn, nítorí láàárín 20 °C sí 45 °C ni kòkòrò àrùn Legionella, tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró líle, ti ń bí sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbani nímọ̀ràn pé kí omi inú táǹkì máa gbóná tó 60 °C. Nítorí náà, bí táǹkì bá ṣe tóbi tó ṣe pàtàkì láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó ta táǹkì ńlá fún ìdílé kékeré ti di gbèsè ọdún púpọ̀ rù wọ́n, kò sì fi ìṣirò kan hàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìdánilójú (wáráńtì) tí wọ́n ń kọ sínú páálí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ táǹkì onírin ló ní ọ̀pá irin magnesium nínú, èyí tí omi máa ń jẹ dípò kí ó jẹ ara táǹkì. Bí ọ̀pá náà bá tán, táǹkì ni ìpẹtà yóò kọjú sí. Ó yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà dé ìgbà, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀, ìdánilójú míì sì lè di òfo bí ènìyàn kò bá lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Ó tún lè di òfo bí kì í bá ṣe oníṣẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí ló gbé ẹ̀rọ náà kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ka owó iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ọn lọ́pọ̀ ìgbà. Èmi kò lòdì sí pé kí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ṣe é. Iná àti omi kì í ṣe ohun eré. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ pé a kò gbọ́dọ̀ lo ẹlòmíràn, ó di dandan fún wọn láti sọ òótọ́ iye owó fún wa, nítorí a kò ní ibòmíràn tí a ó sá lọ.

Ohun tí mò ń béèrè kò le. Kí oníṣẹ́ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé: bí wáyà ṣe gùn tó àti bí ó ṣe nípọn tó, bírékà, fáàfù, páìpù tí yóò gbé omi tó tú jáde, ìyọkúrò ẹ̀rọ àtijọ́, dídí ògiri tí ó gbẹ́, àti àyẹ̀wò ìkẹyìn, kí iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà níwájú rẹ̀. Bí ohun kan bá yọjú nínú ògiri tí ojú kò lè rí tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, kí ó dúró, kí ó fi hàn mí, kí n fọwọ́ sí i kó tó tẹ̀síwájú. Olùtajà náà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ọjà rẹ̀ pé kò tíì ka iṣẹ́ àti wáyà mọ́ ọn, ní lẹ́tà tó tóbi bíi ti iye náà gan-an. Àwọn tó ń fowó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ kí àgbàlagbà tàbí ọmọ ọwọ́ ilé wọn lè rí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ni bíbo iye owó mọ́lẹ̀ yìí ń pa lára jù, àwọn gan-an ni iṣẹ́ ń dúró sí agbede méjì nílé wọn, tí táǹkì wà lára ògiri tí kò sí iná tó lè gbé e. Oníṣẹ́ tó bá ní òun kò lè kọ iye owó rẹ̀ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má ṣe fọwọ́ kan páìpù ẹnikẹ́ni.