Ọgọ́ta Ọdún Ni Ìjọba Fi Wo Ilojo Bar Níran

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, nígbà tí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ń múra Iléyá tó ku ọ̀la, ni katapílà wọ Tinúbú. Kí ọdún Iléyá tó tán, Ilojo Bar, ilé àtijọ́ tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, ti di òkìtì bíríkì. Lẹ́yìn náà, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ sí ẹlòmíì. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ń bínú, ìjọba ìpínlẹ̀ ń kẹ́dùn, ẹjọ́ ni wọ́n sì ń lérí mọ́ ẹbí tó ni ilé.

Àwa kò ní gbè sẹ́yìn ẹni tó wó o. Ohun tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn, a kì í kó katapílà tọ̀ ọ́. Àmọ́ ìbéèrè tí a ti ń bi àwọn aláṣẹ lójú ewé yìí tipẹ́ ni a tún fẹ́ bi wọ́n, torí wọn ò tíì dá wa lóhùn: ta ni yóò san owó páànù?

Ní 1956 ni ìjọba kéde Ilojo Bar ní ohun ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ ẹbí Ọláìyá, tó ti ra ilé náà láti 1933, ti di dídè: wọn kò gbọdọ̀ wó o, wọn kò gbọdọ̀ tún un kọ́ bó ṣe wù wọ́n. Ìyẹn tọ́. Kí wá ni ìjọba fi sí i? Ọgọ́ta ọdún gbáko ló wà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó wó o. Kí àjọ náà kó ìwé jáde kí gbogbo ayé rí i: ọdún wo ni wọ́n gun òrùlé ilé yẹn? Èló ni wọ́n ná sí i? Káfíńtà wo ni wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀? Ilé tí ẹ pè ní ti gbogbo Nàìjíríà, ṣé àpò ẹbí kan ṣoṣo ni owó àtúnṣe rẹ̀ yóò ti máa jáde? Ó ti sú wa láti máa gbọ́ igbe ìjọba lórí òkú ilé tí wọn kò bá wọn tọ́jú nígbà tó wà láàyè.

Ẹni tó bá ti gbé ilé àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé, rí mọ bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ń kú. Páànù kan á kọ́kọ́ ṣí ní igun. Òjò á máa bọ́ sórí ògiri níbi tí igi òrùlé gbé sùn lé e. Igi náà á jẹrà ní ìdí, òrùlé á rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ògiri síta. Wọ́n á pe bíríkìlà, òun náà á fi sìmẹ́ǹtì dí ibi tó là. Ibẹ̀ gan-an ni àìsàn ilé náà ti ń le sí i, torí bíríkì àtijọ́ àti ohun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ máa ń mu omi, wọ́n á sì tú u sílẹ̀ tí oòrùn bá yọ. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́. Omi á há sínú, ògiri á máa rọ̀ lábẹ́nú nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Lọ́jọ́ tí apá kan bá ya lulẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó dé, ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń sàmì sí ilé tí wọn yóò wó lọ́wọ́.

Ilé ẹbí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bàbá kan ló kọ́ ọ tàbí tó rà á, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wá ń pín in ní yàrá yàrá. Ẹni tí òjò kò jò sí tiẹ̀ kì í tètè dá owó. Owó tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ń san kò tó pín, áńbọ̀sì kí ó tún òrùlé ṣe. Ní Balógun àti Tinúbú, ilẹ̀ ni olówó ń wá. Bí ilé bá wà lórí rẹ̀, ìdíwọ́ ni lójú rẹ̀. Ẹbí tí ilé ń jò mọ́ lórí, tí olówó sì ń kanlẹ̀kùn lójoojúmọ́, kí ni ìjọba rò pé wọn yóò ṣe?

A kò sọ pé kò ṣeé ṣe. Iná jó Ilé Kòkó ní Ìbàdàn ní 1985, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n parí ní 1965. Wọn kò wó o. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún un ṣí ní 1992. Òun lojú Dùgbẹ̀ títí dòní. Ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, Jaekel House tí wọ́n kọ́ ní 1898 ń dẹnu kọlẹ̀ kí ẹgbẹ́ Legacy, tó ń gbèjà ilé àtijọ́, tó bá iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tún un ṣe. Ẹ wo àwọn tó ni ilé méjèèjì: ti iléeṣẹ́ Oòduà ni Ilé Kòkó, ti iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni èkejì. Wọ́n ní àpò, wọ́n sì ní ẹni tó lè buwọ́ lu ìwé owó. Ẹbí tó jogún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Pópó Àgùdà kò ní irú rẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí owó gbọ́dọ̀ lọ nìyí. Kí ìjọba àpapọ̀ àti ti Èkó jọ dá owó sọ́tọ̀ fún òrùlé àti ògiri àwọn ilé tí wọ́n ti fi òfin dè, kí ẹbí tó bá ń tọ́jú tirẹ̀ má san owó orí ilé àti ilẹ̀ mọ́. Kí wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ bíríkìlà àti káfíńtà jọ, kí wọ́n kọ́ wọn ní iṣẹ́ àtijọ́ yìí. Irú iṣẹ́ yẹn ni João Baptista da Costa, tí í ṣe Àgùdà, fi kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ẹ má sì lé àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ní àdúgbò Pelourinho ní Bahia, ní Brazil, ìjọba náwó tún àwọn ilé àtijọ́ ṣe, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ àwọn tálákà tó ń gbé inú wọn dànù. A kò fẹ́ irú ìyẹn. Ilé ọjà ni ilé wọ̀nyí, kí ọjà máa wà níbẹ̀.

Àwọn kan ní kí wọ́n tún Ilojo Bar kọ́. Ẹni tó wó o ni kí ó san owó ìyẹn. Owó ìlú, àwọn tó ṣì dúró ni kí wọ́n kọ́kọ́ ná an lé lórí, bí Ilé Omi ní òpópónà Kakawa. Oṣù Kẹta ni òjò yóò tún bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó dé, a fẹ́ rí orúkọ gbogbo ilé náà nínú ìwé ìròyìn, a fẹ́ rí orúkọ òṣìṣẹ́ ìjọba tó gun òrùlé kọ̀ọ̀kan, àti iye páànù tó ní kí wọ́n pààrọ̀.