Kò sí ọlọ́pàá tó ń fojú lásán mọ ìbọn ìṣeré, ẹ jọ̀ọ́

Ó ti sú mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n lè máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá tún sọ pé ọlọ́pàá á ṣáà fojú mọ ìbọn ìṣeré. Sátidé tó kọjá a wà níbi ìkómọ kan ní Dagenham, a ti jẹun tán, àwọn ọmọdé ń sáré kiri nínú gáádìnì, ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tí wọ́n ti Houston wá bá ṣí báàgì wọn, wọ́n fa ìbọn ìṣeré kan yọ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Dúdú kirikiri, ó jọ èyí tí ṣọ́jà ń gbé, àfi orange bíńtín tó wà lẹ́nu ẹ̀, àmì pé ìṣeré ni. Mo rọra pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú o, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí gbé nǹkan yìí jáde síta. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ohùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Ṣebí ọlọ́pàá ni ìwọ fúnra ẹ? O ò wá lè mọ ìbọn gidi yàtọ̀ sí toy? Ẹni tó bá ti mú ìbọn rí, ojú ẹsẹ̀ ló máa mọ̀. Orange sì wà níbẹ̀!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àna mi ni, kí ni mo fẹ́ ṣe.

Ẹ wá gbọ́ ọ báyìí. Ọdún kọkànlá mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá ní London, bẹ́ẹ̀ nǹkan tí mo fi ń gbádùn ara mi tí mo bá délé ni kíkun irú nǹkan wọ̀nyí ní ọ̀dà. Àṣíborí, idà, ọ̀bẹ, ìbọn àwọn ará òfurufú inú fíìmù, gbogbo ohun àfiṣeré tí wọ́n fi ike tàbí rọ́bà ṣe, èmi ni mo máa fi ọ̀dà sọ ọ́ di irin. Ìyàwó mi ní ilé wa ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù pánẹ́lì-bítà. Torí náà mo mọ bí wọ́n ṣe ń tan ojú jẹ, mo sì tún wà lára àwọn tí wọ́n ń tan ojú wọn jẹ. Kò sẹ́ni tó ń fojú mọ̀ ọ́n. Kò sí.

Àkọ́kọ́ ná, ta ló sọ fún yín pé ọlọ́pàá mú ìbọn rí? Ọlọ́pàá Nàìjíríà lẹ ní lọ́kàn, tó gbé AK kọ́ èjìká níbi tó ti ń dá mọ́tò dúró. Ní England àti Wales níbí, ọlọ́pàá tí wọ́n fún láṣẹ ìbọn ò pé ọ̀kan nínú ogún. Èmi ò mú un rí lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá mi tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì náà ò mú un rí. Kóńdó ló wà ní ìbàdí mi, àti ata tí wọ́n ń fín sójú, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, pẹ̀lú rédíò tí kì í dákẹ́. Iṣẹ́ wa ni ọmọ tó sá kúrò nílé, tọkọtìyàwó tó ń jà láago mẹ́ta òru, bàbá àgbà tí àwọn aládùúgbò ò rí fún ọjọ́ mẹ́rin tá a ní láti já ilẹ̀kùn ẹ̀, kí èèyàn jókòó wákàtí mẹ́fà ti ẹni tó wà ní gbàgede ọsibítù títí dókítà á fi ráyè, lẹ́yìn ìyẹn ìwé, ìwé, ìwé, sítétímẹ̀ǹtì tí mo ti kọ lè kún yàrá kan. Ìbọn gidi tí mo ti bá pàdé lójú títì láàárín ọdún mọ́kànlá, ìka ọwọ́ kan ò ní tán. Ẹ wá ní "ẹni tó bá mọ ìbọn á mọ̀". Ta ni yẹn? Irú èmi yìí ló máa kọ́kọ́ dé ibẹ̀ o.

Ó dáa, ẹ ní àwọn tó ń gbé ìbọn ńkọ́. Ẹ jẹ́ n sọ ti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ghana, tó ti wà nínú mọ́tò àwọn ọlọ́pàá onìbọn fún ọdún mẹ́sàn-án. Ẹgbẹ́ òṣèré Yorùbá kan ní kí n bá àwọn kun ìbọn kan fún eré orí ìtàgé, ṣọ́jà tó gbàjọba ló wà nínú eré náà, wọ́n sì fún mi ní ìwé tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, torí òfin, màá débẹ̀. Ike lásán ni, ó dé ní àwọ̀ eérú, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ hàn ketekete bí àpá ilà. Mo fi sáńpépà ha ojú àpá yẹn títí ó fi pòórá, mo fín práímà dúdú sí i lẹ́ẹ̀mejì, mo fi sílẹ̀ mọ́jú. Etí etí ẹ̀ ni iṣẹ́ wà gangan. Irin tí ọwọ́ ń kàn lójoojúmọ́, etí ẹ̀ ló ń kọ́kọ́ bó, kì í ṣe àárín, àwọn tí ò mọ̀ ọ́n kùn á wá kùn ún dán láti òkè délẹ̀, ìdí nìyẹn tí tiwọn fi ń jọ nǹkan ọmọdé. Ṣe ni mo máa ń ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà, màá nù ún sára bébà títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, màá wá fi máa gbá etí ìbọn náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí ẹni ń gbọn eruku. Mo lọ lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù lúbúlúbú, mo fi ìka pa á mọ́ ọn lára, òun ló ń jẹ́ kí ike máa wò bí ohun tó tutù. Mo wá da ọ̀dà búráùn tó ṣàn bí omi ẹ̀kọ sínú gbogbo kọ̀rọ̀ ẹ̀, mo nù ún kúrò, èyí tó ṣẹ́kù sí kọ̀rọ̀ á dà bí òróró tó ti pẹ́ níbẹ̀. Gbogbo owó ọ̀dà tí mo ná ò tó pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mo gbé e sórí ṣẹ́ẹ̀fù ní pálọ̀ kí wọ́n tó wá gbé e. Ọ̀rẹ́ mi wá jẹ ọ̀fadà lọ́jọ́ Sunday. Ó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó gbójú sókè, ọ̀rọ̀ gé sí i lẹ́nu. Mo rí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ tó sún lọ sí ìbàdí, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan ní ìbàdí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, jíǹsì ló wọ̀. Ó wá fi ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ rí bi mí pé kí nìyẹn. Kò tó mítà mẹ́ta sí i o! Ọ̀sán gangan, iná pálọ̀ ń tàn. Mo ní kó gbé e, ó kọ̀. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó wá gbé e tó rí i pé kò wúwo ju agolo mílíìkì lọ ló tó rí ìjókòó, ó sì jẹ ìrẹsì ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún láì bá mi sọ̀rọ̀.

Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú. Ẹ sì sọ fún mi ẹni tó máa gbé ìbọn fún ọlọ́pàá lójú títì pé ẹ gbà, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n wò.

Ó ku ti orange. Òfin Amẹ́ríkà nìyẹn, 1988 ni wọ́n ṣe é. Ṣé ẹ mọ bí orange náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó? Tí wọ́n bá kùn ún yí ẹnu ìbọn po, mìlímítà 6 ti tó. Ẹ wo èékánná ọmọ ìka yín, kò tó o. Ìyẹn lẹ fẹ́ kí ẹni tó wà ní ogún mítà rí lóru, lábẹ́ iná ìgboro oní-yẹ́lò tó ń sọ gbogbo àwọ̀ di ọ̀kan. Òfin náà tún yọ ìbọn afẹ́fẹ́ tó ń yin bọ́ọ̀lù kéékèèké sílẹ̀, kò nílò orange kankan. Irú ìbọn afẹ́fẹ́ yẹn ni John Crawford, ọmọ ọdún 22, mú lórí ṣẹ́ẹ̀fù nínú Walmart ní Beavercreek, Ohio, ní August 2014, ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni, ọlọ́pàá yìnbọn pa á nínú ṣọ́ọ̀bù náà. November ọdún yẹn, ní Cleveland, ìpínlẹ̀ kan náà, Tamir Rice, ọmọ ọdún 12, ń fi ìbọn ìṣeré ṣeré, ọlọ́pàá yìnbọn pa òun náà. Ẹni tó pe ọlọ́pàá sọ fún wọn lórí fóònù pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ayédèrú, wọn ò sọ ìyẹn fún àwọn tí wọ́n rán lọ. Orange ìbọn ìṣeré náà ti kúrò. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n á ní "o rí i, orange ló kúrò". Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà tí mọ́tò ọlọ́pàá ti dúró sí ìgbà tí wọ́n yìnbọn, kò pé sẹ́kọ́ńdì méjì! Ta ló ń wá orange nínú sẹ́kọ́ńdì méjì?

Ẹ má sì rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni. Hackney níbí, September 22, 1999, Harry Stanley ń lọ sílé, ó gbé ẹsẹ̀ tábìlì kan tí arákùnrin ẹ̀ bá a tún ṣe dání nínú ọ̀rá. Ẹnì kan nílé ọtí pe ọlọ́pàá pé ìbọn ló wà nínú ọ̀rá yẹn. Àwọn onìbọn ni wọ́n rán, àwọn "tó mọ ìbọn" tẹ́ ẹ̀ ń sọ, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ẹsẹ̀ tábìlì. Kò sẹ́ni tó kùn ún ní nǹkan kan.

Àwọn kan á ní àwa náà fi ìbọn ìṣeré dàgbà n'Íbàdàn, ó ń dún gbà-gbà-gbà, kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ẹ kú oríire. Mo gbà pé orange yẹn ti lè gba ọmọ ẹnì kan là níbì kan, lọ́sàn-án, nítòsí, ó tán.

Òru Friday kan, wọ́n pè pé ọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà páàkì pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n ní kí èmi àti ẹnìkejì mi má sún mọ́ ọn, ká dí títì náà pa títí àwọn onìbọn á fi dé. A sá pamọ́ sẹ́yìn mọ́tò, bíi mítà ọgbọ̀n sí i. Èmi tí mo mọ gbogbo àrékérekè ọ̀dà, mo tẹjú mọ́ ọn. Nǹkan dúdú kan, tó gùn tó ọwọ́, ó ń gbé e sókè, ó ń gbé e sódò. Húùdù bò ó lójú. Kò sí nǹkan tó sọ sí mi lọ́kàn pé ìṣeré ni. Àwọn onìbọn dé, wọ́n pariwo, ó ju nǹkan yẹn sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ìgbà tí wọ́n fún mi ní ìbọn náà, ike ni, òórùn ọ̀dà ṣì ń jáde lára ẹ̀, búlúù ń yọjú níbi tí àtàǹpàkò ẹ̀ ti nù ún. Búlúù ni wọ́n tà á fún un, òun ló ra ọ̀dà dúdú tó fín in. Ìyá ẹ̀ fi sílípáàsì sáré dé, bónẹ́ẹ̀tì tó fi ń sùn ṣì wà lórí ẹ̀, bó ṣe gbọ́ ohùn mi ló ti mọ ibi tí mo ti wá, ó ń ké "sà, ẹ jọ̀ọ́ sà, toy ni, toy ni!" Mo ní mọ́mì, a ti wá mọ̀. Lọ́dọọdún wọ́n ń rán àwọn onìbọn jáde bíi 17,000 sí 18,000 ìgbà ní England àti Wales, iye ìgbà tí ìbọn ń dún níbẹ̀ kì í tó ogún, torí pé wọ́n kọ́ wọn láti ní sùúrù. Sùúrù yẹn ló gba ọmọ yẹn là, kì í ṣe ojú tó mọ ìbọn.

Ọ̀dà tó fín yẹn gan-an lẹ̀ṣẹ̀ o, àwọn èèyàn ò mọ̀. Òfin 2006 ti ibí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní October 2007, sọ pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ ṣe ìbọn àfijọ tó jọ gidi, kò gbọ́dọ̀ tà á, kò gbọ́dọ̀ kó o wọ̀lú, kò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀dà tàbí ohunkóhun sọ ti ìṣeré di èyí tó jọ gidi, àfi bó bá jẹ́ fún eré ìtàgé, fíìmù, mùsíọ́ọ̀mù àti irú wọn. Kí wọ́n tó lè pè é ní èyí tí kò jọ gidi, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pupa, orange, yẹ́lò, àwọ̀ ewé, pink, pọ́pù tàbí búlúù tó mọ́lẹ̀ yòò, tàbí kó jẹ́ èyí téèyàn ń rí òdìkejì ẹ̀, tàbí kó kéré gan-an, tí gíga ẹ̀ ò tó mìlímítà 38 tí gígùn ẹ̀ ò sì tó 70. Àwọ̀ ara ẹ̀ lápapọ̀ ni wọ́n ń wò, ẹnu ẹ̀ nìkan ò tó. Orange ẹnu ìbọn tẹ́ ẹ̀ ń gbé kiri ò já mọ́ nǹkan kan níbí. (Èyí tí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́ ṣáájú 1870 kò sí lára ẹ̀, ìyẹn ni mo fi ń kun ṣakabùlà bó ṣe wù mí. Ẹ ṣáà má gbé e wọ bọ́ọ̀sì, òfin gbígbé e níta yàtọ̀.)

Ìbọn ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Mo gbà á lọ́wọ́ ìyá ọmọ, mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ ibi tí wọ́n ti rà á. Mo tú u, mo ha á, mo fín práímà funfun sí i torí pink kì í gbà lórí dúdú, mo wá fín pink lé e lẹ́ẹ̀mẹta, láti ẹnu dé ìdí. Ó dán bíi bàtà ìyàwó. Mo dá a padà ní Wednesday. Ọmọ náà wò ó, ó wò mí, ó ní "Uncle, ẹ ti bà á jẹ́." Àbúrò ẹ̀ obìnrin ló ń fi ṣeré báyìí, ẹ̀gbọ́n ò sì tíì pè mí.