Gèlè mẹ́rin, agolo Robb kan

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jiyàn nínú WhatsApp ẹbí wa lórí gèlè tí Ìyé, ìyá mi, máa kó wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́. Gèlè wo ni Ìyé máa wé lálẹ́ ọjọ́ kìíní? Èwo ni ti alẹ́ tí ọ̀gá ọkọ̀ máa jáde wá kí àwọn èrò? Ṣé auto-gèlè ni kí wọ́n gbé lọ, àbí èyí tí èèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ wé? Fọ́tò ń wọlé, ohùn ń wọlé. Nígbà tí mo wá béèrè pé yẹ́lò káàdì Ìyé, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wọn, ńkọ́, ilé dákẹ́. Ẹnì kan fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n padà sídìí gèlè.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹni tí kò bá mọ̀ wá: Kàbà ni wá, ìyá mi sì pé 70 ọdún lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní London ló sọ pé òun máa gbé Ìyé wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, èyí tó dà bí òtẹ́ẹ̀lì tó ń léfòó. Southampton ni wọ́n á ti wọ̀ ọ́, àwọn erékùṣù Caribbean ni wọ́n forí lé. Omi ńlá tí Ìyé mọ̀ jù ni èyí tó wà ní Lọ́kọjá, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, títì ni wọ́n sì dúró sí tí wọ́n fi wò ó. Inú wọn dùn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n díẹ̀. Wọn ò ní sọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti aṣọ, torí òun ló dùn ún sọ.

Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí wàhálà lọ́sàn-án. Wọ ohun tó bá wù ọ́, má ṣáà ti wọ aṣọ ìwẹ̀ wọ yàrá oúnjẹ. Ìrọ̀lẹ́ ni òfin ń dé. Bí àpẹẹrẹ, Cunard, ilé-iṣẹ́ tó ti wà láti 1840, tó ni Queen Mary 2, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti ń retí kí èrò múra. Àwọn alẹ́ kan sì tún wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ pátápátá: ọkùnrin á wọ kóòtù dúdú àti bó-táì, obìnrin á wọ gáùn tó wọ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyọnu yẹn, àyè wà fún un níbi tí olúkúlùkù ti ń bu oúnjẹ fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé.

Ẹ̀gbọ́n mi kà á débi gáùn, ó sì ti ra gáùn. Aláwọ̀ wúrà, kò lápá, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó nà án síwájú fóònù kí Ìyé lè rí i. Ìyé wò ó títí, wọ́n ní, "Ó dáa. Ìyókù rẹ̀ dà?"

Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi kò kà dé ni pé aṣọ ìbílẹ̀ ẹni wà lára ohun tí wọ́n gbà fún alẹ́ ńlá yẹn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba. Àwọn ará Scotland ń wọ síkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin wọn wọlé, ta ló máa wá dá agbádá padà? Ká máa lọ yá kóòtù dúdú ní London, nígbà tí aṣọ òkè wà nínú àpótí nílé, ọ̀rọ̀ yẹn kò yé mi rí. Ògìdì tí Nike Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà aṣọ, ti wá kò jìnnà sí wa, àwọn òyìnbó ń fi owó ńlá ra irú aṣọ bẹ́ẹ̀ gbé kọ́ ògiri wọn. Àbúrò bàbá wa kan tiẹ̀ dá a lábàá pé kí wọ́n wá aṣọ ipò Bùnú fún Ìyé, pé pupa rẹ̀ á yọ nínú fọ́tò. Gbogbo wa la pariwo mọ́ ọn. Aṣọ tí wọ́n fi ń sin olóyè, ta ló ń wọ̀ ọ́ jẹ ẹja àti wáìnì?

Aṣọ òkè tún ní àǹfààní kan tí mo rò pé kò sẹ́ni tó rò ó nínú wa. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí kì í jẹ́ kí èrò gbé áyọ́ọ̀nù wọlé, torí iná. Bí wọ́n bá rí i nínú báàgì, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ di ọjọ́ tí ẹ ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn kan ní yàrá ìfọṣọ tí áyọ́ọ̀nù wà, àwọn kan ò ní. Ẹni tó bá kó gínì onísítáàṣì lọ á wọ̀ ọ́ bó ṣe jáde nínú báàgì. Ṣùgbọ́n ká aṣọ òkè, jókòó lé e, gbé e sábẹ́ bàtà, bó o bá ṣí i, bó ṣe wà náà ló wà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó máa tẹ̀ lé wọn ti kó ṣòkòtò àwọ̀ ológun méjì sínú báàgì, torí wọ́n ní òun ló wà lóde. Mo ní kó kó wọn jáde. Ní Barbados àti Jamaica àti àwọn erékùṣù mìíràn níbẹ̀, ó lòdì sófin kí ẹni tí kì í ṣe ológun wọ àwọ̀ yẹn, ọmọdé pàápàá. Ó rò pé mò ń bá òun ṣeré. Ó lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó padà wá, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ibi tó fẹ́ bàjẹ́ ni alẹ́ kẹrin. Ẹ̀gbọ́n mi ń ka ètò ọkọ̀ náà sókè, ó dé ibi tí wọ́n kọ "Masquerade Night", ló bá kà á bẹ́ẹ̀. Ìyé gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọdé, àwọn jẹ́ díákónì nínú ìjọ, àti pé kí àwọn tó di díákónì pàápàá, nígbà tí eégún bá ń jáde nílé bàbá àwọn, inú yàrá ni obìnrin ń wà pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. Ṣé orí omi tí kò sí ibi ìsá ni àwọn á wá ti lọ pàdé tiwọn? Ó gbà wá ní wákàtí kan ká tó fi fọ́tò hàn wọ́n pé ìbòjú kékeré lásán ni, tí wọ́n so mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, tí òyìnbó á gbé sójú rẹ́rìn-ín, tí á tún gbé e kúrò. Ìyé wò ó. "Èyí ni wọ́n ń pè ní eégún?" Àánú wọn tiẹ̀ ṣe wọ́n.

Ó dáa. Ti aṣọ nìyẹn. Èrò mi ni pé òfin aṣọ tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn kò tó nǹkan fún àwa. Àwa tí a ń san owó aṣọ ẹbí ìsìnkú ẹni tí a kò mọ̀ rí! Ti ìlera ni àwa ò gbọ́, torí a ti mọ ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ìyé ní yẹ́lò káàdì. 2009 ni wọ́n gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, nígbà tí wọ́n lọ Jẹrúsálẹ́mù, láti ìgbà náà ni JP ti wà lẹ́yìn orúkọ wọn. Wọ́n kọ ọ́ sí káàdì náà pé 2019 ló máa parí. Mo gbé wọn dé ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ. A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ọkùnrin kan fi gba káàdì lọ́wọ́ wa, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Màmá, káàdì yín ti kú."

"Kí la máa ṣe?"

"Ẹ jókòó síbí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti gbé tuntun dé."

Mo ní, "Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò. "Ọ̀gá mi, ta ló ń gba abẹ́rẹ́?"

Irọ́ ló pa fún wa. Láti ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2016 ni òfin ìlera àgbáyé ti sọ pé abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó tó fún ẹni tó gbà á títí ayé, kódà bí wọ́n bá ti kọ ọdún mẹ́wàá sí káàdì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ Ìyé kò kú. Ohun tó yí padà lọ́dọ̀ wa ni ìwé rẹ̀, torí 2019 ni ìjọba mú káàdì tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò jáde. Ibi tó tọ́ la lọ, a tò sórí ìlà, a sanwó, wọ́n kọ abẹ́rẹ́ 2009 sórí tuntun. Ó gba ọjọ́ kan àbọ̀, pẹ̀lú kòtò ọ̀nà Ọbàjànà ní àlọ àti àbọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ra tiyín, ẹ gbọ́ o. Ọ̀pọ̀ erékùṣù Caribbean ń béèrè káàdì yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ti Nàìjíríà wá, torí ẹ̀fọn tó ń gbé àrùn náà kiri wà lọ́dọ̀ tiwọn náà. Wọn ò fẹ́ kí á gbé e wá fún un. Ẹni tí kò bá sì tíì gbà á rí, tó ti lé ní 60 ọdún, kó má sáré lọ nà án lápá. Abẹ́rẹ́ náà lè ṣe àgbàlagbà tó ń gbà á nígbà àkọ́kọ́ ní jàǹbá, kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń le bó bá ṣẹlẹ̀. Dókítà ló máa sọ bóyá kó gbà á tàbí kí òun kọ lẹ́tà fún un pé kò lè gbà á. Ẹni tó bá sì gbà á, ọjọ́ mẹ́wàá gbọ́dọ̀ kọjá kí káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ìwé lẹ́nu ọ̀nà, ta ló máa sọ gbogbo èyí fún ọ?

Ìdí tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi ń yọ èèyàn lẹ́nu kò ṣòroó mọ̀. Ní oṣù kejì 2020, Diamond Princess dúró sí Yokohama ní Japan pẹ̀lú nǹkan bí 3,700 èèyàn nínú rẹ̀, Kòrónà sì mú èyí tó lé ní 700. Abúlé onílẹ̀kùn kan ni ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà kan wà tí o kò lè wọlé láìṣe àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ wọn ti fi ti Kòrónà sílẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fún èèyàn ní fọ́ọ̀mù: ṣé o ń wúkọ́, ṣé ara rẹ gbóná, ṣé o bì, ṣé inú rẹ ń ṣí? Èyí tó ń dà wọ́n láàmú jù ni kòkòrò norovirus, tó ń mú èèyàn bì kó sì máa yàgbẹ́ gbuuru. Sanitáísà kò ràn án tó bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ àti omi ni. Ìyé tí kò jáde láìsí sanitáísà nínú páàsì láti ìgbà Ebola 2014 kò fẹ́ràn láti gbọ́ ìyẹn.

Ọjọ́ tí a jókòó ti fọ́ọ̀mù ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò gan-an ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ wà. Mo ka ìbéèrè: "Ìyé, ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru?"

"Rárá."

"Ìyé, ẹ̀ ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀."

"Mi ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ni mo ní."

Kí lèèyàn máa sọ sí èyí? Mo mọ bí a ṣe tọ́ wa. Àìsàn, a kì í fẹnu pè é mọ́ra. Ẹni tó bá ń kú lọ lórí ẹní, bí o bá kí i, á ní ara ń le, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù kì í ṣe ará ìjọ wa. Bí ara bá kọ̀ láàárín òkun, iyàrá ìtọ́jú ọkọ̀ ń gbowó, ọkọ̀ òfuurufú tó máa wá gbé èèyàn ń gbowó gọbọi, bí wọ́n bá sì rí i pé o fi àìsàn tí o mọ̀ pa mọ́, ìnṣọ́ránsì lè ní àwọn ò san kọ́bọ̀. Mo sọ fún Ìyé pé jíjẹ́wọ́ fún wọn kò ní kí àìsàn pọ̀ sí i, owó ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló máa dín kù bí a kò bá jẹ́wọ́. Ìyẹn ni wọ́n gbọ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n kọ ọ́ kékeré.

Oògùn náà wá kù. Inú agolo Robb tó ti tán ni Ìyé ń kó o sí, funfun àti òféfèé papọ̀, ó ń rùn bí Robb. Mo ra tuntun, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà dókítà, kí ó wà nínú báàgì ọwọ́, torí báàgì ńlá lè má dé yàrá títí di alẹ́. Mo tún mú wọn lọ ṣe àyẹ̀wò ibà. Bí ara àgbàlagbà bá ń gbóná lórí òkun, dókítà òyìnbó lè má kọ́kọ́ rántí ẹ̀fọn Kàbà. Mo kọ ọ́ sí ìwé kékeré kan fún wọn pé kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti wá.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Gèlè mẹ́rin ti wà nínú báàgì. Agolo Robb ṣì wà lórí tábìlì, wọn ò jẹ́ kí n jù ú nù. Láti ọjọ́ mẹ́ta sì ni mo ti ń gbọ́ Ìyé tí wọ́n ń wúkọ́ ní òru. Lówurọ̀ òní mo béèrè, wọ́n ní eruku ọyẹ́ ni.

Mo ní kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.